Ìwádìí Tí Kò Dé Oko

Láàárín 1994 sí 2010, ìgbìmọ̀ lórí ìgbìmọ̀ ló jókòó lórí ìjà Jos. Ti Adájọ́ Fiberesima ló ṣáájú, lẹ́yìn rògbòdìyàn oṣù kẹrin ọdún 1994. Nígbà tí ti 2001 dé, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án, tí ẹ̀mí bí 1,000 sì bá a lọ, ìjọba ìpínlẹ̀ Plateau gbé ìgbìmọ̀ Adájọ́ Niki Tobi kalẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2008, ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ Jos North di ìjà. Ìpínlẹ̀ pe Ọmọọba Bọ́lá Ajíbọ́lá, ọmọ Abẹ́òkúta tó ti ṣe adájọ́ rí nílé-ẹjọ́ àgbáyé ní Hague. Ìjọba àpapọ̀ náà pe Ọ̀gágun Emmanuel Abísóyè. Ọdún 2010 kò tíì pé oṣù kan tí iná tún fi ràn, ni wọ́n bá fi ìgbìmọ̀ mìíràn lé Solomon Lar lọ́wọ́, ẹni tó ti ṣe gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ ní Plateau.

N kò ní bú àwọn ìgbìmọ̀ yìí. Wọ́n gba ìwé ẹ̀sùn, wọ́n gbọ́ ẹlẹ́rìí, wọ́n fi orúkọ pe ohun tó ń fa ìjà: ilẹ̀, ipò, ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀, àìríṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́, ọlọ́pàá tí kì í tètè dé. Ìmọ̀ràn wọn pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì dára. Ohun tí mi ò rí, ní gbogbo ọdún tí mo ti fi ń darí ìpàdé àwọn ará àdúgbò ní Bukuru àti agbègbè rẹ̀, ni ibi tí ẹnikẹ́ni ti wí pé: ìmọ̀ràn yìí la ó kọ́kọ́ dán wò, ní àdúgbò báyìí, fún ìwọ̀n ìgbà báyìí, lẹ́yìn náà ni àwọn tí ìjà náà jó ilé wọn yóò wá sọ fún wa bóyá ó ṣiṣẹ́. Àgbà tó bá ṣubú a máa wẹ̀yìn wò, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n tó bá wẹ̀yìn wò tán tó sì tún gba ọ̀nà kan náà bó ṣe ń gbà á tẹ́lẹ̀, kí ni wíwò náà fún un?

Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyí, n ó sì sọ ọ́ láìfi bò: ìwádìí tí a kò fi ìṣe dán wò kò tíì di ìwádìí. Ìjọba kò lè kọ́gbọ́n látinú ìwé nìkan. Ibi tí àbájáde bá ti ń ba àwọn ènìyàn ni ẹ̀kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń bà ni olùkọ́ àkọ́kọ́, tí wọn kò bá sì ní agbára láti yí òfin padà lẹ́yìn tí wọ́n rí àbájáde náà, ẹ̀kọ́ ọ̀hún kú sí wọn lẹ́nu.

Èmi kọ́ ni mo dá èyí rò. Ní Amẹ́ríkà, láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Charles Peirce, William James àti John Dewey fi ọ̀nà ìrònú kan lélẹ̀ tí wọ́n ń pè ní pragmatism. Lójú wọn, èrò ènìyàn ò ju ohun tí èrò náà lè ṣe nígbà tí a bá gbé e wọ inú ìgbésí ayé. Dewey, tí wọ́n bí ní 1859 tó sì kú ní 1952, ló gbé e dé inú ọ̀rọ̀ ìjọba. Nínú ìwé rẹ̀ The Public and Its Problems, tó jáde ní 1927, ó sọ pé tí àdéhùn àwọn kan bá ti kan àwọn mìíràn tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é, àwọn tó kàn yìí ti di ìlú (public), ibẹ̀ gan-an ni ìdí fún ìjọba sì ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọba kò sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run. Ètò kan ni, tí a ṣe nítorí ìṣòro kan. Bí ìṣòro bá yí padà, ètò náà gbọ́dọ̀ yí. Walter Lippmann, akọ̀ròyìn ńlá ìgbà yẹn, ti kọ̀wé ṣáájú pé ọ̀rọ̀ ìlú ti ju òye mẹ̀kúnnù lọ. Dewey dá a lóhùn pé onímọ̀ tó bá jìnnà sí ìṣòro àwọn ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ sí yanjú ohun tí kò dun ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan á gbọ́ èyí, wọ́n á ní ohun tí àwọn olóṣèlú wa ti ń ṣe nìyẹn, pé ohun tó bá ti bá àkókò mu ni wọ́n ń dì mú. Rárá o. Ẹni tó ń ṣe ohun tó bá àkókò mu kì í padà wá wo àbájáde rẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíràn wò ó. Jane Addams, ọ̀rẹ́ Dewey, ni kí a wò. Obìnrin yìí dá ilé ìrànwọ́ àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Hull House sílẹ̀ ní Chicago ní 1889, láàárín àwọn tálákà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òkèèrè dé. Pàǹtí kún òpópónà wọn, àwọn ọmọdé ń kú. Addams àti àwọn obìnrin àdúgbò náà kà á láti òpópónà dé òpópónà, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n gbé e lọ bá ìjọba ìlú. Ní 1895 wọ́n fi í ṣe alábòójútó pàǹtí ní wọ́ọ̀dù rẹ̀, ó sì ń jí ní kùtùkùtù láti tẹ̀ lé àwọn kẹ̀kẹ́ tó ń kó ìdọ̀tí. Ní 1931 ó gba ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò ka pàǹtí sí ọ̀rọ̀ tó kéré ju ìrònú lọ.

Láàárín Jos àti Bukuru, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Jos South, àdúgbò kan wà tó ń jẹ́ Dadin Kowa. Mùsùlùmí àti Kírísítẹ́nì ló dàpọ̀ gbé ibẹ̀. Àwọn àdúgbò mìíràn ń jóná ní 2001, ní 2008, ní 2010; àwọn ará Dadin Kowa kò pa ara wọn. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, Jana Krause, ṣe ìwádìí lé e lórí nínú ìwé Resilient Communities tí Cambridge University Press tẹ̀ jáde ní 2018. Ó gbé Dadin Kowa sẹ́gbẹ̀ẹ́ Wayame, ibì kan ní erékùṣù Ambon ní Indonesia, tí òun náà la irú ogun bẹ́ẹ̀ kọjá láìjẹ́ kí aládùúgbò pa aládùúgbò.

Tí o bá bi àlejò léèrè ohun tó gba Dadin Kowa là, á ní ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìfẹ́ wà ní àwọn àdúgbò tó jóná náà. Mo mọ àwọn tí wọ́n jọ jẹun ọdún Iléyá àti ọdún Kérésì fún ogún ọdún kí wọ́n tó sá fún ara wọn. Iṣẹ́ ló gba Dadin Kowa là. Àwọn àgbà ìhà méjèèjì, pásítọ̀ àti lèmọ́mù, jókòó pọ̀ kí iná tó dé ọ̀dọ̀ wọn, wọn kò dúró kó dé. Wọ́n lọ bá àwọn ọ̀dọ́, àní àwọn tí àgbà kì í fẹ́ bá sọ̀rọ̀, àwọn tó jẹ́ pé tí wọ́n bá bínú àdúgbò á gbóná. Wọ́n ní kí ìjà kékeré, ti owó, ti ọmọbìnrin, ti bọ́ọ̀lù, má ṣe pẹ́ nílẹ̀ kó tó di ti ẹ̀sìn. Wọ́n ń ṣọ́ àdúgbò pọ̀ lóru. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ láti ìta dé, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ wá ran ẹlẹ́sìn àwọn lọ́wọ́, ẹlẹ́sìn wọn gan-an ló jáde lọ sọ fún wọn pé kí wọ́n padà.

Èyí tó ṣòro jù lójú mi ni ti àhesọ. Ẹni tó wà ní Plateau ní 2010 á rántí àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń wọlé sórí fóònù lójoojúmọ́: wọ́n ti sun mọ́ṣáláṣí báyìí, wọ́n ti pa pásítọ̀ báyìí, wọ́n ti fi májèlé sínú omi. Ohun tó yẹ ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀ rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti ṣe: kí àwọn ìhà méjèèjì rán ènìyàn tí wọ́n jọ gbẹ́kẹ̀ lé lọ wò ó lójú, kí wọ́n sì padà wá sọ ohun tí wọ́n rí fún gbogbo ènìyàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá rán Mùsùlùmí nìkan, Kírísítẹ́nì kò ní gbà á gbọ́. Bí a bá rán Kírísítẹ́nì nìkan, bákan náà. Mo ti jókòó níbi tí a ti ń retí irú àwọn òjíṣẹ́ bẹ́ẹ̀, mo sì mọ bí wákàtí ṣe ń gùn. Ohun tí Dewey ń pè ní ìwádìí nìyẹn: iyèméjì tó ń dun ni, ìgbésẹ̀ tí a gbé láti mọ òótọ́, àti ìpinnu tí àwọn tó kàn jọ ṣe lórí ohun tí a rí. Kò sí adájọ́ kankan níbẹ̀, kò sì sí ìwé funfun ìjọba (white paper).

Ṣùgbọ́n Dadin Kowa kò wo àrùn náà sàn. Ó dá ẹ̀jẹ̀ dúró ni. Ìpàdé àdúgbò kò lè tú ẹjọ́ ilẹ̀ ká, kò lè yí òfin ìdìbò padà, kò sì lè gbé apààyàn wá síwájú adájọ́. Ẹni tó bá ní kí àwọn ará àdúgbò máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ kí ìjọba sinmi, ó ti lo ìfaradà wọn láti fi bo ìmẹ́lẹ́ ara rẹ̀ ni.

Ní ilẹ̀ kan náà yìí sì ni ọgbọ́n ìjọba ti ní ilé tirẹ̀. Ní Kuru, lẹ́bàá Bukuru, ni National Institute for Policy and Strategic Studies wà láti 1979, ilé ẹ̀kọ́ tí Nàìjíríà dá sílẹ̀ fún àwọn ọ̀gá àgbà nínú iṣẹ́ ọba, nínú ológun àti níbòmíràn. Ẹni tó bá jáde níbẹ̀ á máa fi mni kẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Wọ́n máa ń mú kókó kan lọ́dún, wọ́n á rin ìrìn àjò kiri ìpínlẹ̀ àti ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n á kọ ìròyìn fún Ààrẹ. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 19 oṣù kìíní 2010, ní Kuru Karama, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Jos South kan náà, wọ́n pa Mùsùlùmí tó lé ní 150, gẹ́gẹ́ bí Human Rights Watch ṣe ròyìn rẹ̀, wọ́n sì sọ òkú ọ̀pọ̀ wọn sínú kànga. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹta ọdún kan náà, ní Dogo Nahawa, tí òun náà wà ní Jos South, wọ́n wọ abúlé àwọn ẹ̀yà Berom lóru, wọ́n pa ó kéré tán 200 ènìyàn, tí obìnrin àti ọmọdé pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ̀kọ́ tó ń gba Kuru lọ sí Abuja kò gba àwọn abúlé yìí kọjá. N kò sọ pé ilé ẹ̀kọ́ kan ló yẹ kó dá ìpànìyàn dúró. Ohun tí mo ń sọ ni pé a ti ṣètò kí ìmọ̀ máa gòkè lọ, a kò ṣètò bí yóò ṣe máa sọ̀ kalẹ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tó bí i.

Ẹ jẹ́ kí n kúrò nídìí ikú díẹ̀, nítorí pé Plateau kò mọ ìjà nìkan. Ibi tí mo ti rí i pé ènìyàn lè kọ́gbọ́n pọ̀ láìsí ọ̀gá kankan ni àwọn adágún kùsà. Kùsà ló kọ́ Bukuru. Àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí wá tánńganran lórí òkè yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọkọ̀ ojú irin dé, bàbá mi náà bá a dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú ẹrù aṣọ, bíi ti ọ̀pọ̀ ará ilé wa. Nígbà tí owó tánńganran já wálẹ̀ lágbàáyé ní 1985, ilé iṣẹ́ kógbá wọlé, wọ́n fi ihò sílẹ̀ fún wa, omi sì kún inú wọn. Láti ìgbà ìjọba amúnisìn ni wọ́n ti ń gbin igi yúkálíbítọ́ọ̀sì sórí òkìtì kùsà kí ilẹ̀ lè padà bọ̀ sípò. Igi náà hù, àwọn ènìyàn sì ń gé e ṣe igi ìdáná àti òpó, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ wá wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, kò fi bẹ́ẹ̀ sàn.

Àwọn àgbẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n fi pọ́ọ̀ǹpù fa omi adágún, wọ́n ń ṣe lámbù, ìyẹn oko ìbomirin, ní ẹ̀ẹ̀rùn: tòmátì, kábéèjì, kárọ́ọ̀tì, pòtétò, tí ọkọ̀ ń kó lọ sí Èkó àti Ìbàdàn. Nígbà tí ajílẹ̀ òyìnbó wọ́n, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ra eérú ààtàn ìgboro, wọ́n pò ó mọ́ ìgbẹ́ màlúù tàbí ti adìẹ àti ìwọ̀nba ajílẹ̀ òyìnbó tí owó wọn ká. Ẹnì kan dán an wò, aládùúgbò rẹ̀ wò ó, ó dín eérú kù lórí ilẹ̀ olómi, ó fi kún un lórí ilẹ̀ yanrìn. Margaret Pasquini àti Michael Alexander, tí wọ́n wá kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀, rí i pé ìmọ̀ àwọn àgbẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Wọ́n gbé eérú náà wọ ilé àyẹ̀wò pẹ̀lú, nítorí bátìrì àti irin wà nínú pàǹtí ìgboro, òjé sì lè wà nínú eérú rẹ̀. Ojú àgbẹ̀ rí kábéèjì tó tóbi, kò lè rí òjé. Ìdí nìyí tí n kì í fi í bá àwọn tó ń sọ pé ìmọ̀ ìbílẹ̀ ti tó kẹ́gbẹ́. Àgbẹ̀ nílò ilé àyẹ̀wò, ilé àyẹ̀wò nílò àgbẹ̀, ẹni tó bá sì ya wọ́n sọ́tọ̀ ti pa àwọn méjèèjì lára.

Omi àwọn adágún yìí náà ń dá ìjà sílẹ̀. Berom ló sábà máa ń ni ilẹ̀, Hausa àti àwọn mìíràn máa ń háyà rẹ̀, àwọn darandaran náà ní màlúù tó gbọ́dọ̀ mu. Nínú ìpàdé kan tí mo darí, a ti jiyàn títí oòrùn fi yí, olúkúlùkù ń sọ òfin tó fẹ́ kó wà títí ayé. Ọ̀dọ́mọkùnrin Berom kan ló dìde, ó fi Hausa sọ pé, “Màmá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe é fún ẹ̀ẹ̀rùn kan ná. Tí kò bá dáa, a ó tún jókòó.” Ọ̀rọ̀ yẹn tú gbogbo wọn lára, nítorí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ pàdánù títí láé, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè fara mọ́ ẹ̀ẹ̀rùn kan. A fa ọ̀nà màlúù, a pín ọjọ́ pọ́ọ̀ǹpù. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn parí, ọ̀nà màlúù ṣiṣẹ́, ọjọ́ pọ́ọ̀ǹpù kò ṣiṣẹ́, àwọn obìnrin tó ń ta ẹ̀fọ́ ló sì sọ ìdí rẹ̀ fún wa: ọjọ́ tí a fún àwọn kan bọ́ sí ọjọ́ ọjà, wọn kì í sí nílé. A tún un pín. Láti ìgbà náà, n kì í jẹ́ kí ìpàdé tú ká láìkọ ohun mẹ́ta sílẹ̀: ohun tí a fẹ́ dán wò, ohun tó máa fi hàn wá pé a ṣìnà, àti ọjọ́ tí a ó padà jókòó. Elinor Ostrom, obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ọrọ̀ ajé ní 2009, lo ayé rẹ̀ láti fi hàn pé àwọn tó ń lo omi, igbó àti ẹja pọ̀ lè ṣòfin fún ara wọn, tí àwọn aláṣẹ òkè bá gbà fún wọn pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti ṣe é.

Àpérò Jos Forum tó wáyé láàárín 2013 sí 2014, tí Centre for Humanitarian Dialogue ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀, sún mọ́ ohun tí mo ń wí. Berom, Afizere, Anaguta, Hausa, Fulani, Igbo, àwọn ará South-South àti àwa Yorùbá jókòó pọ̀. Ní 2016 ìjọba Gómìnà Simon Lalong dá Plateau Peace Building Agency sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ àlàáfíà lè ní ọ́fíìsì tirẹ̀ tí kò dúró de ìjà. Ìgbésẹ̀ dáadáa ni méjèèjì.

Ohun kan ṣì kù tí gbogbo wa ń yẹra fún. Onímọ̀ kan, Donald Schön, tó kọ àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lórí Dewey, àti akẹgbẹ́ rẹ̀ Chris Argyris fi ìyàtọ̀ sáàárín oríṣi ẹ̀kọ́ méjì: nínú ti àkọ́kọ́, à ń tún àṣìṣe ṣe, òfin sì dúró bó ṣe wà; nínú ti kejì, òfin náà gan-an là ń yẹ̀ wò. Plateau ti mọ ti àkọ́kọ́ dunjú. A mọ ibi tí sójà ń dúró sí, a mọ ìgbà tí kọ́fíù ń bẹ̀rẹ̀. Ibi tí a ti nílò ti kejì ni ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀. Wọ́n bí mi ní Bukuru. Nígbà tí ọmọ mi fẹ́ wọ ilé ìwé gíga, ọ́fíìsì kan ní kó lọ gba ìwé rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ibi tí kò sùn mọ́jú rí. Hausa tí baba ńlá rẹ̀ kú sí Jos ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà. Mo sì mọ ẹ̀rù Berom pẹ̀lú: kùsà ti gba ilẹ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan, ìgboro ń gba èyí tó kù, ìwé yẹn sì dà bí ohun ìkẹyìn tó ṣẹ́ kù sí wọn lọ́wọ́. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe àròsọ, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tún òfin yìí ṣe láìkà á sí kò ní rí i tún ṣe.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ fún kò tóbi. Kí Jos South gbà láti dán an wò, fún ìwọ̀n ọdún tí gbogbo ìhà bá fẹnu kò sí, pé ọmọ tí wọ́n bí tí wọ́n sì tọ́ níbí yóò gba ìwé ẹ̀rí olùgbé tó tó fún ilé ìwé àti ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ nìkan. Kí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti oyè má ṣe wọ inú rẹ̀. Kí wọ́n máa ka iye ọmọ Berom, ọmọ Hausa, ọmọ Igbo àti ọmọ Yorùbá tó ń wọlé lọ́dọọdún, kí wọ́n lẹ iye náà mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì àti ti ọjà Bukuru, kí ìgbìmọ̀ tí ìyá àti ọ̀dọ́ wà nínú rẹ̀ sì ní agbára láti dá a dúró bí ọmọ Berom bá ń pàdánù ààyè. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn àgbà Berom méjì kan. Ọ̀kan kọ̀ jálẹ̀. Ìkejì ní kí n lọ kọ ọ́ sílẹ̀, kí n sì fi ọjọ́ tí a ó padà jókòó sí i.